Ibo Ni Omi Ilé Ìwòsàn Ń Ṣàn Lọ?

  

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá lónìí: omi àbùmu, omi àbùwẹ̀, omi tí ẹnikẹ́ni kì í bá ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi tí a ń pọn wọlé ni mo fẹ́ sọ o. Omi tí a ń dà síta ni, pàápàá jù lọ èyí tí àwọn ilé ìwòsàn wa ń dà síta lójoojúmọ́ ayé, tí kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ibi tí ó gbà lọ.

Kí ni ó kàn mí nínú rẹ̀? Ẹ̀yin àgbà yóò rántí wolé-wolé, oníkakí tí ó máa ń ṣí ìdérí àmù onílé wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, tí àwọn ìyá wa máa ń sá fún bí ẹni pé agbowó-orí ni. Iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì nìyẹn, ojú mi sì rí nǹkan níbẹ̀.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ẹjọ́ dé ọ́fíìsì wa pé omi gọ́tà àdúgbò kan máa ń yí àwọ̀ padà láràárọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, mo bá omi náà tí ó ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọ̀ elésè àlùkò gan-an, bí ìgbà tí aláró ṣẹ̀ṣẹ̀ da ìsàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀ nù lẹ́yìn tí ó kó àdìrẹ jáde. Ọkàn mi kò lọ síbi méjì. Mo ní aláró kan ni ó wà lókè. Mo fi ọ̀pá mi tẹ ilẹ̀, mo ń tọ gọ́tà lọ, mo kọjá ilé alágbẹ̀dẹ, mo kọjá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, n kò rí aláró, n kò rí ìkòkò, àfi ìgbà tí mo kan ògiri ẹ̀yìn ilé ìwòsàn kan, tí mo rí páìpù kan tí ó nípọn tó apá ọmọdé, tí ó yọ ẹnu síta lára ògiri náà, tí aró sì ń kán tótó lẹ́nu rẹ̀.

Aró láàbù ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń fi aró kun ojú gíláàsì pélébé, kí kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò rí lè hàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nígbà tí wọ́n bá sì ṣe tán, wọn a fi omi ṣan ìyókù sínú sínkì. Sínkì ni ó gba inú páìpù bọ́ sí gọ́tà.

Láàárín páìpù yìí àti ojú títì ni ìyá kan kọ ẹbè ẹ̀fọ́ sí. Gbogbo ẹ̀fọ́ ìlú ni ó ti rọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ìyá yìí ń dán gbinrin, nítorí láràárọ̀ ni ó ń fi kóńgò bu omi gọ́tà wọ́n ọn. Nígbà tí mo nawọ́ sí àwọ̀ omi náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọ̀gá wolé-wolé, aró kì í pa ẹ̀fọ́.”

Ṣé aró ni ó bà mí lẹ́rù jù? Rárá o. Aró ní ìwà tirẹ̀, ó fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tí ó ń bá aró rìn nínú páìpù kan náà, tí kò ní àwọ̀, tí ó mọ́ gaara bí omi òjò, òun ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun ní alẹ́ ọjọ́ náà: omi tí a fi ṣan ìgò ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tí a ti yẹ̀ wò tán, ásíìdì, àti fọ́málìnì tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara tí a gé lára aláìsàn kí ó má baà jẹrà. Páìpù kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó dá dúró.

Mo wọlé lọ bá ọ̀gá ibẹ̀. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi ní àga, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé, “Bàbá, a kì í kó nǹkan eléwu pamọ́ síbí, a ń dà á nù ni.”

Dà á nù. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nù sí ibo? Bí owó bá nù lápò ẹni, owó náà kò kúrò láyé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi tí a dà nù: ó kúrò lójú tiwa, ó lọ bá ojú ẹlòmíràn. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀, ni àwọn baba wa wí; ṣùgbọ́n ti omi tún burú ju ti eérú lọ, nítorí eérú mọ ẹni tí ó da òun, omi kò mọ̀ ọ́n; ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kàn ní ìsàlẹ̀ ni ó ń tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pa ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún náà ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho, ó sì pa èèyàn tí ó lé ní 600 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà ni pé afẹ́fẹ́ tí ó ń rùn ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Dókítà kan wà tí ń jẹ́ John Snow, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fún aláìsàn ní oògùn amúnisùn, òun ni ó tilẹ̀ fún Ọbabìnrin Victoria nígbà tí ó ń rọbí ní 1853. Snow kò gba ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí gbọ́. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé bí wolé-wolé (ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wa lọ́lá), ó ń bèèrè ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan ti ń pọnmi nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street ni gbogbo ọ̀nà já sí. Opó kan tí kò gbé àdúgbò náà mọ́ fẹ́ràn adùn omi yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lọ fún un nínú ìgò; ó mu ún, ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tí ó wà nítòsí kò kú ní tiwọn, nítorí ọtí ni wọ́n ń mu. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀mùtí, ẹ má fi eléyìí ṣe àwíjàre. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kúrò.

Ṣùgbọ́n báwo ni àrùn ṣe dé inú kànga? Àlùfáà kan, Henry Whitehead, ni ó tú ìdí rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ kan ní ojúlé 40 ni ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe. Ìyá rẹ̀ a rẹ ìlédìí rẹ̀ sínú garawa, a sì da omi náà sí kòtò ìdọ̀tí iwájú ilé. Bíríkì kòtò náà ti jẹrà, àárín òun àti kànga kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Omi ìlédìí ọmọ kan ni, ẹ̀yin olùgbọ́. Ìyá yẹn kò ṣe ohun tí ìyá kankan kò ní í ṣe: ó rẹ ìlédìí ọmọ rẹ̀, ó da omi rẹ̀ nù.

Bí garawa ilé kan bá lè ṣe èyí, kí ni a ó ti wí nípa ilé ìwòsàn, ọjà tí gbogbo àrùn ń ná?

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn ń dà síta ni ó léwu? Ó tì o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá pín ìdọ̀tí ilé ìwòsàn sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 85 ni kò yàtọ̀ sí ìdọ̀tí ilé wa. 15 tí ó kù ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé a ń dà wọ́n pọ̀. Ṣíbí kẹrosíìnì kan tí ó dà sínú garawa epo pupa, epo garawa náà kò ṣe é sebẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ibi tí a ti bí ìdọ̀tí ni kí a ti yà á sọ́tọ̀, lórí tábìlì láàbù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ike tirẹ̀ tí ó ní ìdérí, tí kò jò, tí a kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí lára. Mo tún un sọ: ibi tí a ti bí i ni kí a ti yà á, nítorí nígbà tí omi méjì bá ti pàdé nínú páìpù, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò yà wọ́n mọ́.

Èyí tí ó ní kòkòrò àrùn nínú, bí ẹ̀jẹ̀, èébì, àti ìgbẹ́ ẹni tí àrùn tí ń ràn ń ṣe, oògùn apakòkòrò ni ó ń fẹ́. Bílíìṣì ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá kọ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí ara ike rẹ̀, ife bílíìṣì kan ni a ń pò mọ́ ife omi mẹ́fà. Ife kan, ife mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni a sì ń po tuntun, nítorí agbára èyí tí ó sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ní ìdérí ti dín kù, òórùn rẹ̀ sì lè máa tan ni jẹ. Ẹ má sì rò pé bílíìṣì jẹ́ gbogbo-nìṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ̀jẹ̀ a mu agbára rẹ̀ tán kí ó tó kan kòkòrò. Bí a bá sì dà á lé oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ̀ tí ó ní ásíìdì, gáàsì ni yóò yọ. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, tí ó ní òun fẹ́ kí iṣẹ́ òun mọ́ ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí a wọ́ ọ jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ó ń húkọ́ bí ewúrẹ́ tí èèpo iṣu há lọ́fun. Gáàsì yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun fi bá ara wọn jà nínú ogun àgbáyé kìíní, ní 1915.

Ti kẹ́míkà wá ńkọ́? Fọ́málìnì, oògùn tí wọ́n fi ń rẹ irinṣẹ́ tí a kò lè sè, omi tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò eegun láyé àtijọ́, àti egbòogi olómi tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, bílíìṣì kò rí nǹkan kan fún wọn ṣe, gọ́tà kì í sì í ṣe ilé wọn. Inú ohun èlò tiwọn ni kí wọ́n wà, ní ibi tí a tì pa, títí ẹni tí ìjọba fún láṣẹ yóò fi wá kó wọn. Ọ̀rọ̀ ìgò ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ níbí. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ìgò kì í kú. Ìgò ọtí òní ni ìgò ẹ̀pà ọ̀la; ike omi òní ni ike òróró ọ̀la. Mo bá kẹ́ẹ̀gì funfun mẹ́rin nígbà kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí obìnrin onígò ti sanwó wọn, tí ó sì ti fẹ́ dì wọ́n rù. Mo ṣí ọ̀kan, mo gbé imú sún mọ́ ọn, omi sì bọ́ lójú mi: fọ́málìnì ni ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi obìnrin náà pé ta ni ó fẹ́ tà á fún. Ó ní, “Àwọn elépo ni, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wí fún gbogbo ilé ìwòsàn tí mo bá wọ̀ pé kí wọ́n fi irin lu ìdí irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdí rẹ̀ ti lu kò ní oníbàárà.

Mẹ́kúrì pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, irin tí ń ṣàn bí omi. Bí tẹmómítà olómi fàdákà bá fọ́ sórí ilẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò tú ká wóróhóró, tí yóò máa yí gbirigbiri, tí ọmọdé yóò máa lé e kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ má gbá a, nítorí ìgbálẹ̀ yóò tún fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má fi omi ṣàn án sínú sínkì, nítorí yóò jókòó sí ibi tí páìpù ti ká, èéfín rẹ̀ tí ojú kò rí yóò sì máa gòkè wá. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi páálí líle méjì kó o jọ, ẹ dà á sínú ìgò tí ó ní ìdérí. Kí ni ó fà á tí a fi ń ṣe gbogbo èyí? Ní Minamata, ní ilẹ̀ Jàpáàn, ilé-iṣẹ́ ńlá kan da omi ẹlẹ́gbin tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ sí etíkun. Ẹja jẹ ẹ́, ológbò jẹ ẹja, ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó ikú, nígbà tí ó sì di 1956, wọ́n ti rí àrùn náà lára ọmọ èèyàn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ahọ́n ń wúwo. Orúkọ ìlú yẹn ni a fi sọ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2013 láti dẹ́kun lílo mẹ́kúrì, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó bá ṣì ń lo tẹmómítà bẹ́ẹ̀, kí ó wá èyí tí ń lo bátìrì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí. Ta ni ó ń da omi yìí? Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù nínú ọgbà náà ni, ìyá tàbí ọmọbìnrin tí a fún ní garawa àti ìgbálẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbà á síṣẹ́, tí a kò sì bá sọ gbólóhùn kan lórí ohun tí yóò máa gbé. A máa ń rán dókítà lọ sí ìpàdé ẹ̀kọ́ ní ìlú òyìnbó. Agbálẹ̀, kò sí ẹni tí ó jókòó tì í fún wákàtí kan. Ní oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó, akin obìnrin nì, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tí ó gbé e wọlé kò ní kúrò lábẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀mí Dókítà náà bá a lọ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú nílẹ̀ wa, 8 kú nínú wọn, àwọn tí ìbá kú kò níye. Omi ara ni àrùn yẹn ń bá rìn: èébì, ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí dókítà dúró sí ni ẹni tí ó ń gbé garawa dúró sí. Ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, bàtà rọ́bà tí ó dé orúnkún, aṣọ ìbòra tí omi kò lè gbà wọlé àti awò tí yóò dáàbò bo ojú rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ pé kí ó má jẹ́ kí ike kún dé ẹnu, kí ó rọra tẹ̀ ẹ́ sún mọ́ sínkì kí ó tó dà á, kí ó má baà ta sí i lójú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ alákàn lé ẹni tí a dì lójú lọ́wọ́.

Ti sókàwé, kòtò tí omi ilé ìgbẹ̀ ń ṣàn sí, kò ní í pẹ́. Kí ó jìnnà sí kànga, ó kéré tán 30 mítà. Kí a má da egbòogi apakòkòrò àti bílíìṣì garawa-garawa sí i, nítorí kòkòrò kékeré tí ń jẹ ìgbẹ́ nínú rẹ̀ ni a ó pa, ìgbẹ́ yóò sì jókòó sílẹ̀ láìjẹrà. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì wá fà á, kí alákòóso ilé ìwòsàn bi awakọ̀ ní ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀: ibo ni o ń gbé e lọ? Bí awakọ̀ bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, odò ni ó ń gbé e lọ.

Kí àkókò wa tó tán, ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ìwòsàn aláró. Wọ́n dí páìpù ẹ̀yìn ògiri náà pa, wọ́n gbẹ́ ihò tí a fi kọnkéré tẹ́ inú rẹ̀, aró sì wá ní ike tirẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kó ẹbè rẹ̀ lọ sí ìdí kànga. Títí di òní kò tíì dárí jì mí tán, ó ní tẹ̀tẹ̀ òun kò dán tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún tó kọjá, ara ogbó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn náà, wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ike kékeré fún àyẹ̀wò. Èyí tí mo tọ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ, mo sì ń yọ́ lọ sí ìdí òdòdó láti lọ da díẹ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ fẹ́ da ìyẹn sí?”

Mo yí padà. Agbálẹ̀ ni, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, tòun ti bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi wolé-wolé àná, n kò rí èsì kan fọ̀. Mo na ike náà sí i; ó gbà á, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi.